Ohun Tó Ń Mi Iwájú

Aeron Pugh ti alùpùpù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Gobernador Costa
lọ́sàn-án ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ̀ lè fá irun àgùntàn láìlo abẹ.
"Afẹ́fẹ́ ni," ló wí. "Afẹ́fẹ́ Patagonia ló ń bá mi jà.
Tí mo bá ti dẹwọ́ iná, tí eré ń wálẹ̀ sí àádọ́rin,
ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n
bí ọwọ́ arúgbó tó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́."

Eduvina Cayún kì í bá oníbàárà jiyàn
kó tó fọwọ́ kan irin.
"Tó o bá dì í mú ńkọ́?"
"Á dákẹ́."
"Tó o bá tún fún un níná?"
"Á dákẹ́."
"Afẹ́fẹ́ wo ló máa ń gbọ́ràn báyẹn?"

Mo gbé géèjì sẹ́nu táyà iwájú:
ó fi díẹ̀ dín, kò tó ohun à ń pariwo.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ lọ, mo ra á bọ̀:
àlọ dán, àbọ̀ ń họni,
eyín rẹ̀ ti jẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja.
Mo ké pé, "Ọ̀gá, mo ti rí i!"
"Egbò lo rí, o ò tíì rí ọ̀bẹ.
Kí ló jẹ táyà bẹ́ẹ̀?
A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

A fi igi ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, iwájú kúrò nílẹ̀.
Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ó tì í, ó fà á.
Kọ́.
Ohùn kékeré, bí eyín tó fẹ́ yọ.
Ó wá fi ìka kan ṣoṣo darí ọwọ́ rẹ̀
láti òsì, jẹ̀lẹ́, jẹ̀lẹ́,
ó dé àárín gan-an, ó há,
bí ẹni pé kòtò kan wà níbẹ̀
tí ọ̀nà tààrà ti fi ọdún mẹ́jọ gbẹ́.
"Wá fi ìka tìrẹ sí i."
Aeron fi ìka sí i.
Kò dárúkọ afẹ́fẹ́ mọ́.

Bíárìn ọrùn ni. Gíríìsì inú rẹ̀ ti di amọ̀.
A fi tuntun sí i; Ọ̀gá dè é, ó tú u díẹ̀, ó tún dè é:
"Tó bá le jù, kò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe.
Tó bá dẹ̀ jù, ijó ló máa jó."

Aeron gùn ún dé afárá, ó padà.
"Ó ti dín, ṣùgbọ́n kò tán."

Ọ̀gá rìn lọ sẹ́yìn alùpùpù,
sídìí àpótí irin tí wọ́n so kọjá táyà ẹ̀yìn.
Ó gbé e tì.
"Kí ló wà nínú eléyìí?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn páànù.
"Irinṣẹ́ bàbá mi. Ó máa ń kan bàtà ẹṣin.
Òòlù mẹ́ta, ẹ̀mú, bàtà tí kò rí ẹṣin wọ̀ mọ́.
Láti oṣù kẹta tó ti kú
mi ò tíì mọ ibi tí mo lè gbé e sí."

"Ẹ̀yìn ló wúwo," ló wí, "iwájú wá fúyẹ́,
kò rí ilẹ̀ dì mú.
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀."
Kò ní kó jù ú nù. Kò kí i kú àmúmọ́ra.
Okùn ló ń tú.
Ó pín irinṣẹ́ sínú àpò awọ méjì,
ọ̀kan sápá ọ̀tún táńkì, ọ̀kan sósì,
nísàlẹ̀, níbi tí orúnkún ẹni tó gùn ún yóò máa kàn án.

Ẹ̀mú kan kò wọlé. Aeron gbé e lé mi lọ́wọ́.
Táyà tuntun ń bọ̀ láti Esquel lọ́jọ́bọ̀,
kó máa rọra títí dìgbà náà.

Níwájú afárá, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sókè.
"Wèrè," ni Ọ̀gá wí, ó ń nu gíríìsì.
Alùpùpù ń lọ tààrà.
Afẹ́fẹ́ ò sì dẹwọ́.